Ẹ Yan Ọjọ́ Ọjà fún Àníyàn: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tí Ọkàn Rẹ̀ Kì Í Balẹ̀

Ní nǹkan bí aago méjì òru, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bá kú tí àdúgbò pa rọ́rọ́, ìgbà yẹn ni tèmi máa ń bẹ̀rẹ̀. Màá lajú sílẹ̀ lórí ibùsùn, màá máa ka gbèsè, màá máa ka ọmọ, màá máa ka ẹni tí inú rẹ̀ lè má dùn sí mi. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ó ti rẹ̀ mí ju ẹni tó roko mọ́jú lọ.

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Ọmọ mi obìnrin wọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Iléṣà, aago mẹ́wàá àárọ̀ ló kúrò ní gáréèjì Ìwó Róòdù. Nígbà tó máa fi di aago méjì ọ̀sán tí kò tíì pè, mo ti pè é lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Lẹ́yìn ìpè kẹfà, mo ti ń rí mọ́tò tó dojú dé. Lẹ́yìn ìkẹsàn-án, mo ti ń ro ẹni tí màá kọ́kọ́ sọ fún nínú ẹbí. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ ló pè mí: bátìrì fóònù rẹ̀ ló kú, aṣọ ló sì ń fọ̀ láti ìgbà tó ti débẹ̀. Mo dúpẹ́, mo sunkún. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, mo ti ń ṣàníyàn lórí àjà ilé tó ń jò.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló ń dà mí láàmú lóòótọ́, ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀ nígbà tó pè. Àníyàn ò lọ. Aṣọ ló pààrọ̀. Aránṣọ ni mí, mo mọ ẹni tó pààrọ̀ aṣọ tí ara rẹ̀ ò yí padà.

Ohun tí mo kọ síbí ni ohun tí mo fi ọdún mẹ́ta kọ́, díẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà, díẹ̀ nínú ìwé, èyí tó pọ̀ jù nínú ṣíṣe é lójoojúmọ́. Ẹ má kánjú lé e lórí. Ẹ fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe yín

Ẹ̀rù, ìrònú àti àníyàn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ajá bá gbó mọ́ yín lójijì tí àyà yín já, ẹ̀rù nìyẹn. Ajá wà níbẹ̀, ẹ sá tàbí ẹ dúró, ó parí. Bí ẹ bá mú bírò àti ìwé tí ẹ ń ṣírò bí owó ilé ìwé yóò ṣe pé, ìrònú nìyẹn. Ó ń lọ síbì kan. Àníyàn ló dà bí ẹni tó ń gún odó òfìfo: ariwo ń sọ, apá ń roni, kò sí iyán tí a ó jẹ. Ẹ óò fi ẹnu ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá a mọ̀. "Tí wọ́n bá lọ lé mi níṣẹ́ ńkọ́?" "Tí àìsàn yìí bá lọ jẹ́ nǹkan míì ńkọ́?" Bí ẹ bá dá "ńkọ́" kan lóhùn, òmíràn yóò yọjú lẹ́yìn rẹ̀.

Kò sí ẹni tí kì í ṣàníyàn. Àwọn dókítà máa ń pè é ní àìsàn nígbà tó bá ti wà lára èèyàn lọ́jọ́ tó pọ̀ ju ọjọ́ tí kò sí lọ, fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tó jẹ́ pé onírúurú ọ̀rọ̀ ló ń dá lé, tí ẹni náà ò lè dá a dúró, tó sì ń dí ìgbésí ayé rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n á tún wá ó kéré tán mẹ́ta nínú mẹ́fà wọ̀nyí: ara tí kò gbélẹ̀, àárẹ̀ tí kò nídìí, ọkàn tí kì í dúró sójú kan, ìkanra, iṣan tó le gan-an (ọrùn àti èjìká pàápàá), àti oorun tí kì í wá tàbí tí kì í pẹ́.

Ìbéèrè méje kan wà tí àwọn oníṣègùn ń lò láti ọdún 2006, GAD-7 ni wọ́n ń pè é. Ẹ lè fi wọn ara yín wò. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, báwo ni nǹkan wọ̀nyí ṣe yọ yín lẹ́nu tó?

1. Kí àyà máa já yín, kí ara má balẹ̀.
2. Kí ẹ má lè dá àníyàn dúró.
3. Kí ẹ máa ṣàníyàn jù lórí onírúurú nǹkan.
4. Kó ṣòro fún yín láti sinmi.
5. Kí ara yín má gbélẹ̀ débi pé ẹ ò lè jókòó sójú kan.
6. Kí ẹ tètè máa bínú, kí nǹkan kékeré máa kan yín lára.
7. Kí ẹ máa bẹ̀rù bíi pé ohun burúkú kan fẹ́ ṣẹlẹ̀.

Bí kò bá ṣẹlẹ̀ rárá, ẹ kọ 0. Ọjọ́ mélòó kan, 1. Ó ju ìdajì ọjọ́ náà lọ, 2. Bí ojoojúmọ́, 3. Ẹ rò wọ́n pọ̀. Láti 5 lọ sókè, ó wà níbẹ̀ díẹ̀. Láti 10, ẹ lọ rí dókítà. Láti 15, ó ti le, ẹ má dá a gbé. Mẹ́rìndínlógún ni tèmi nígbà àkọ́kọ́. Ìwọ̀n lásán ni, bíi téèpù tí mo fi ń wọn àyà aṣọ. Kò sọ irú ẹni tí ẹ jẹ́.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ara ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. A kì í lọ sọ́dọ̀ dókítà ká ní "mò ń ṣàníyàn". A máa ń ní orí ń gbóná, nǹkan ń rìn lórí wa, inú ń kùn, àyà ń lù kì kì. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí orí ń gbóná, tí nǹkan ń rìn nínú orí wọn, tí ohun tí wọ́n ń kà kò sì wọlé mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra wọn ló sọ ọ́ ní brain fag. Nítorí náà, bí ẹ bá ti ṣe àyẹ̀wò ibà lẹ́ẹ̀mẹrin tí wọn ò rí nǹkan kan, ẹ má sọ pé irọ́ lara yín ń pa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n wo bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára yín, kí wọ́n sì wo ẹṣẹ́ táíróìdì tó wà lọ́rùn, nítorí bó bá ń ṣiṣẹ́ jù, òun náà máa ń mú kí àyà lù, kí ọwọ́ gbọ̀n, kí oorun sì sá. Ẹ sì wo ohun tí ẹ ń jẹ. Èròjà kan náà tó wà nínú kọfí ló wà nínú obì àti nínú ohun mímu afúnnilágbára inú agolo. Ó lè tó wákàtí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Obì mẹ́ta ni mo máa ń jẹ nídìí máṣíìnì láti ọ̀sán dé alẹ́, tí mo sì ń bèèrè ìdí tí oorun ò fi kùn mí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ méje

Ẹ ra ìwé eléwé ogójì tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò. Ẹ má lo fóònù, torí bí ẹ bá ti ṣí i, WhatsApp á ti gbà yín. Nígbàkígbà tí àníyàn bá dé, ẹ kọ àkókò, ibi tí ẹ wà, ọ̀rọ̀ náà gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ lọ́kàn yín, àti ohun tí ẹ ṣe. Díẹ̀ rèé nínú tèmi:

Ọjọ́ Ajé, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá àárọ̀, ilé ìdáná. "Tí gáàsì yìí bá lọ ń jò ńkọ́?" Mo pa á, mo fi imú sún mọ́ ọn, mo tún tàn án. Lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́ Ajé, aago kan ọ̀sán, ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà kan kò kí mi bó ṣe ń kí mi tẹ́lẹ̀. "Àbí bùbá tí mo rán fún un kò bá a mu ni?" Mi ò bi í. Mo rò ó di alẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méjì òru, ibùsùn. Owó ilé. Mo yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì.

Ẹ má gbìyànjú láti tún nǹkan kan ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ kàn kọ. Lọ́jọ́ keje, ẹ ka gbogbo rẹ̀, kí ẹ fi bírò pupa sàmì sí èyí tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Méjìlélọ́gọ́ta ni mo kọ. Mẹ́ta péré ló gba àmì pupa, mo sì rí i pé nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé, mo bójú tó wọn. Oníbàárà yẹn? Eyín ló ń dùn ún.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ya èyí tó ní èèkù sọ́tọ̀

Àwọn baba wa ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè irú ikú tó pa baba ẹni. Ẹ lo òwe yìí bí asẹ́. Ẹ mú àníyàn kọ̀ọ̀kan nínú ìwé yín, kí ẹ bi í pé: ǹjẹ́ ohun kan wà tí mo lè fi ọwọ́ ara mi ṣe sí i láàárín ọ̀sẹ̀ yìí? Bí ó bá wà, ó ní èèkù. Bí kò bá sí, kò ní.

Owó ilé mi ní èèkù. Mo kọ ọ́ báyìí: ₦400,000, ó ku oṣù mẹ́rin. Ohun tó wà nínú àjọ, ₦150,000. Àwọn mẹ́ta tó gba aṣọ tí wọn ò tíì san owó, àpapọ̀ ₦85,000. Ó ku ₦165,000, ìyẹn ₦41,250 lóṣù kan. Owó náà ò tíì sí lọ́wọ́ o, ṣùgbọ́n ohun tó ń bẹ lórí bébà yìí kì í ṣe ohun tó ń dún ní aago méjì òru. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo kọ ohun kan ṣoṣo tí màá ṣe lọ́jọ́ náà: kí n pe ọ̀kan nínú àwọn ajigbèsè. Mo pè é. Ó fún mi ní ìdajì lọ́jọ́ Jímọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ, kó sì jẹ́ ohun tí ọwọ́ yín tó. Bí ẹ bá kọ mẹ́wàá, ìwé náà á tún di ẹrù.

Àwọn kan ní èèkù lápá kan. "Tí mo bá lọ ní jẹjẹrẹ ọmú bíi ti ìyá mi ńkọ́?" Èèkù ibẹ̀ ni pé kí n lọ ṣe àyẹ̀wò. Mo lọ. Èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn àyẹ̀wò kò ní èèkù mọ́, ìgbésẹ̀ kẹta ló kàn án.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fún àníyàn ní ọjọ́ ọjà

Ọjà àwọn baba wa ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá ru iṣu wá lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà kò ní rí ẹni dá a lóhùn. Á ru ú padà sílé, á dúró dọjọ́. Bí mo ṣe lóye ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ nípa àníyàn nìyẹn. Ní 1983, Thomas Borkovec àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà yìí jáde: ẹ dá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ lójúmọ́, àkókò kan náà, ibì kan náà, fún àníyàn nìkan. Ìdí rẹ̀ ni pé àníyàn ti fẹ́ gbogbo ibi tí a ń gbé níyàwó: ibùsùn, ilé ìdáná, inú ọkọ̀. Bí a bá ti débẹ̀, ó ti ń dúró dè wá. Ẹ óò gba àwọn ibi wọ̀nyẹn padà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ óò sì fún un ní ẹyọ ibì kan.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ yan ibì kan tí kì í ṣe ibùsùn tàbí àga tí ẹ fẹ́ràn. Tèmi ni àpótí kan lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Kó má sún mọ́ àkókò oorun jù. Bí àníyàn bá wá láàárọ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nípa rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sọ fún un pé "ó di aago márùn-ún", kí ẹ sì fi ojú àti ọwọ́ padà sí ohun tó wà níwájú yín. Tèmi ni pé màá fọwọ́ kan aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, màá wò ó bóyá òwú rẹ̀ tẹ́jú. Ó lè tún padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì. Ẹ tún sọ ọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo sọ ọ́ títí ẹnu fi ro mí.

Bí aago márùn-ún bá lù, ẹ jókòó kí ẹ ṣí ìwé, kí ẹ wá ṣàníyàn dáadáa. Ẹ má fò ó, kódà bí ara yín bá yá gágá, torí bí ọjà bá ń yẹ̀, àníyàn kò ní gbà yín gbọ́ mọ́ nígbà tí ẹ bá sọ pé kó dúró. Èyí tó bá ní èèkù, ẹ wá ohun kan ṣoṣo tí ẹ máa ṣe sí i. Èyí tí kò ní, ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá pé, ẹ dìde. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nínú nǹkan mẹ́rìnlá tí mo kọ sílẹ̀ láàárọ̀, mẹ́sàn-án ti rọ bí ẹ̀fọ́ àná kí ìrọ̀lẹ́ tó dé. Nígbà míì mi ò tilẹ̀ rántí ìdí tí mo fi kọ wọ́n.

Ẹ kíyè sí i pé mi ò ní kí ẹ má rò ó. Ní 1987, Daniel Wegner, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ní kí àwọn kan má ro béárì funfun fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n lu agogo bó bá wá sọ́kàn wọn. Agogo ò dákẹ́. Ohun tí a bá lé, yóò sáré padà. Ohun tí a bá dá ọjọ́ fún lè dúró. Ìdí nìyẹn tí "má ronú mọ́" tí àwọn èèyàn wa fi ń tu ara wọn nínú kì í fi ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wo ohun tí ẹ gbà gbọ́ nípa àníyàn

Èyí ló pẹ́ jù lọ́wọ́ mi. Ọ̀pọ̀ wa ò fẹ́ fi àníyàn sílẹ̀ torí a rò pé òun ló ń dáàbò bò wá. Adrian Wells, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Manchester, ti kọ̀wé púpọ̀ lórí bí irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń bọ́ àníyàn yó. Lọ́dọ̀ wa, ó máa ń gba ẹnu òwe wọlé: igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí igi lókèèrè, tó yà fún un, tó kọjá lọ, ló lo òwe yẹn. Ẹni tó dúró ti igi náà tó ń wò ó títí ilẹ̀ fi ṣú kò sá fún nǹkan kan.

Èyí tó jinlẹ̀ jù nínú tèmi ni pé bí mi ò bá ṣàníyàn lórí ọmọ mi, a jẹ́ pé mi ò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá tó ń kà á ló mọ ohun tí mò ń wí. Ohun tó ṣí mi lójú ni ohun tí ọmọ náà sọ fúnra rẹ̀: "Màámi, mi ò kì í fẹ́ sọ fún yín mọ́ pé mo fẹ́ rìnrìn àjò." Àníyàn tí mo pè ní ìfẹ́ ti ń lé e jìnnà sí mi. Ẹ kọ ohun tí ẹ rò pé àníyàn ń ṣe fún yín sí ojú ewé kan, kí ẹ kọ ohun tó ti gbà lọ́wọ́ yín sí òdìkejì. Ẹ má fi í pamọ́ fún ara yín.

Àdúrà ńkọ́? Mò ń gbàdúrà, mi ò sì ní ní kí ẹnikẹ́ni má gbà á. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tó jẹ́ pé orí ìkúnlẹ̀ gan-an ni mo ti ń ṣàníyàn. Bí mo ṣe ń dá wọn mọ̀ báyìí ni pé lẹ́yìn àdúrà, ẹrù náà wà nílẹ̀; lẹ́yìn àníyàn, ó ṣì wà lórí mi, ó tiẹ̀ ti lé sí i.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kọ́ bí a ṣe ń gbé pẹ̀lú àìmọ̀

Michel Dugas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Quebec, ní Kánádà, fi hàn láti àwọn ọdún 1990 pé ohun tó ya àwọn tí àníyàn ń bá fínra sọ́tọ̀ ni pé àìmọ̀ gan-an ni ara wọn ò gbà. Ìròyìn burúkú tiẹ̀ sàn fún wọn ju kí wọ́n má tíì mọ̀ lọ. Nítorí náà la ṣe ń pe fóònù lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, tí a ń yẹ kọ́kọ́rọ́ wò, tí a ń bi ọkọ tàbí aya ní ìbéèrè kan náà, tí a ń ti ọ̀dọ̀ wòlíì dé ọ̀dọ̀ ààfáà dé ọ̀dọ̀ babaláwo lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìtura tó ń bá a wá kì í pẹ́, ó sì ń kọ́ ọkàn pé láìsí ìpè yẹn, a ò lè yè é.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹ wo bí àwọn baba wa ṣe sọ ọ́ dáadáa. Wọ́n gbà pé ọ̀la ò ṣeé mọ̀, wọn ò sì ní kí èèyàn má bèèrè. Ṣùgbọ́n ọrọọrún ni wọ́n ní kó bèèrè, wọn ò ní wákàtí-wákàtí.

Ẹ ṣe àtòkọ nǹkan mẹ́jọ tí ẹ ń ṣe kí ọkàn yín lè balẹ̀, kí ẹ tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn jù láti fi sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn jù náà. Tèmi ni gáàsì: mo pa á lẹ́ẹ̀kan, mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo jáde. Kí ẹ tó jáde, ẹ kọ ohun tí ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀; bí ẹ bá dé, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ara yóò gbóná níbẹ̀rẹ̀, ẹ fàyè gbà á, yóò rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìyẹn bá ti mọ́ yín lára, ẹ gun èyí tó tẹ̀ lé e.

Mi ò sọ pé ewu ò sí. Gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí, a sì ń gbọ́ ìròyìn ajínigbé. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ṣe òfin tó bọ́gbọ́n mu nígbà tí ara yín balẹ̀, kí ẹ sì dúró lé e nígbà tí kò bá balẹ̀. Tèmi àti ọmọ mi: kó má rìn lálẹ́, kó wọ ọkọ̀ nínú gáréèjì, kó pè nígbà tó bá ń lọ àti nígbà tó bá dé. Bó bá fi wákàtí méjì kọjá àkókò tó yẹ, màá pè é lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà màá pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Kò sí ìpè kẹta láàárín.

Ní ti àwọn ohùn "ẹ pín in fún gbogbo ẹbí yín" tó ń wọlé nínú àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp ní ìdájí, mo ti pa ìró àwọn ẹgbẹ́ yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni mo ń wò wọ́n, lọ́sàn-án.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ara àti oorun

Ẹ mí sínú ní kíkà mẹ́rin, ẹ mí síta ní kíkà mẹ́fà, díẹ̀díẹ̀, fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ kọ́ ọ nígbà tí ara yín balẹ̀, kó má jẹ́ ọjọ́ ìjì lẹ máa kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ di ọwọ́ yín ní ẹ̀ṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹ tú u sílẹ̀, kí ẹ kíyè sí bó ṣe ń rọ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí apá, èjìká, ojú, ikùn, ẹsẹ̀. Edmund Jacobson ló gbé irú rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ẹ rìn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ bí orúnkún bá gbà.

Ní ti oorun: bó bá fi nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kọ̀ láti wá, ẹ dìde kúrò lórí ibùsùn, ẹ lọ jókòó níbi tí iná ò mọ́lẹ̀ jù, ẹ ṣe ohun tí kò gba agbára, kí ẹ padà nígbà tí ojú bá ń wúwo. Ẹ máa jí ní àkókò kan náà, bó ti wù kí òru rí. Ẹ kọjú aago sí ògiri.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ má dá a gbé

Àròkàn ló ń mú ẹkún àsun-ùn-dá wá, àwọn tó dá nìkan wà ló sì ń rò ó jù. Ní Zimbabwe, ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Shona, kufungisisa, ìyẹn ìrònú àròjù. Ní 2006, dókítà ọpọlọ kan níbẹ̀, Dixon Chibanda, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá àgbà ní Harare bí a ṣe ń tẹ́tí sí ẹni tí ìrònú bo mọ́lẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì onígi nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Ìyá àgbà á jẹ́ kí ẹni náà sọ gbogbo rẹ̀, á ní kó mú ìṣòro kan ṣoṣo, wọ́n á jọ wá ohun tó ṣeé ṣe sí i, á ní kó padà wá jábọ̀. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn yá ju àwọn tó gba ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Àwa náà ní ìyá àgbà. Ẹ wá ẹnì kan tó lè gbọ́ láìsọ fún ayé, kí ẹ má sì bi í pé "ṣé kò sí ewu?", ẹ bi í pé "kí ni ohun kan tí mo lè ṣe?"

Bí GAD-7 yín bá tó 10, tàbí tí kò bá wálẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjì, tàbí tí iṣẹ́ àti ilé ti ń bàjẹ́, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní UCH Ìbàdàn. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábà, l'Ékòó, ti wà láti 1907. Ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1954 tí àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn fi ń gbé láàárín àwọn ará abúlé bí wọ́n ṣe ń gba ìtọ́jú. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ nítorí àníyàn kò ya wèrè. Èmi náà jókòó sórí àga yẹn, ìbòrí ni mo fi bo ojú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kẹta, mi ò bò ó mọ́.

Dókítà lè fún yín ní oògùn tó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ má dá a dúró nítorí pé ẹ ò rí ìyàtọ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ fúnra yín ra diazepam tàbí bromazepam ní kẹ́mísítì. Wọ́n ń tètè mú ni rọ̀, ìdí gan-an nìyẹn tí wọ́n fi léwu: ara á mọ́ wọn, ìwọ̀n á máa ga, bí ẹ bá sì dá wọn dúró lójijì lẹ́yìn tí ẹ ti lò ó pẹ́, ó lè fa gìrì. Ọtí àti paraga náà ń yáni ní oorun ni, òru kejì ni wọ́n ń sin gbèsè rẹ̀.

Bó bá ti dé orí pé ẹ ń ro ó pé ikú sàn, ẹ má dúró de aago márùn-ún. Ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kí ẹni náà bá yín lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kí ẹ má sì dá wà.

Nígbà tó bá padà wá

Yóò padà wá, pàápàá bí owó ilé ìwé bá tó san tàbí tí ẹnì kan bá kú nínú ẹbí. Mo ṣubú padà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, mo ra ìwé eléwé ogójì tuntun, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ kìíní. Lẹ́ẹ̀kejì, ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi dé ibi tí mo ti fi oṣù mẹ́ta dé lákọ̀ọ́kọ́.

Ọmọ mi tún wọkọ̀ lọ sí Iléṣà lónìí. Ó pè mí ní gáréèjì. Mo fi fóònù sínú dúrọ́ọ̀ tí mo ń kó òwú sí, mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé fún aago márùn-ún, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ òkè kan tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Aago kan kọjá ló pè pé òun ti dé. Nígbà tí mo fi jókòó sábẹ́ àgbálùmọ̀, mo fagi lé orúkọ rẹ̀. Èyí tó kù lójú ewé náà ni àjà tó ń jò. Ó ní èèkù. Mo pe káfíńtà.